Àgbo abíwẹ́rẹ́: ohun tí èmi ọmọ eléwé ọmọ fojú ara mi rí

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà sí ọ̀rọ̀ àgbo abíwẹ́rẹ́ yìí, torí àwọn kan ń sọ pé májèlé ni, àwọn kan ń sọ pé òyìnbó ló ń ba ewé wa lórúkọ jẹ́, kò sì sí ẹni tó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Màámi ń ta ewé ní Ọjà Bódè níbí n'Ìbàdàn, eléwé ọmọ ni wọ́n, ìyá tó bí wọn náà eléwé ọmọ ni, ìsọ̀ yẹn la ti jẹun la ti lọ iléèwé, torí náà ẹ má rò pé mo wá bu ewé kù.

Ọmọbìnrin kan wá bá wa nísọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn, ewé tí àwọn aláboyún ń lò ló ń ṣèwádìí lé lórí. Màámi kọ́kọ́ fẹ́ lé e, wọ́n rò pé NAFDAC ló rán an wá. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé, ó sì fowó ra gbogbo ohun tó mú. Ṣùgbọ́n ewé nìkan ò tó o, ó ní kí ẹni tó ń já a fún wa mú òun débi igi ẹ̀, òun ń wá ẹ̀ka tó ní òdòdó tàbí èso lára torí ewé méjì lè jọra kí wọ́n má jẹ́ nǹkan kan náà. Mo tẹ̀ lé wọn lọ. Ó tẹ́ ẹ̀ka yẹn sáàárín ìwé ìròyìn, ó fi ìka tún òdòdó ẹ̀ ṣe kó má ká, ó fi páálí sí i lókè àti nísàlẹ̀, ó wá fi okùn dè é pinpin, ó kọ déètì àti ibi tó ti já a sí i. Ó ní FRIN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa igbó, ní Jẹ́ríkò lòun ń gbé e lọ, níbi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí tí wọ́n ń pè ní Forest Herbarium, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ òun wò lẹ́yìn ọ̀la á lè lọ wo ewé yẹn gan-an. Inú mi dùn sí i, torí n ò rí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ màámi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Òun ló sọ ìtàn ewé kan tí wọ́n ń pè ní kalata-kalata fún mi. Dókítà ará Norway kan tó ń jẹ́ Lorents Gran, tó ń bá Red Cross ṣiṣẹ́ ní Congo lẹ́yìn ọdún 1960, ló ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ń se ewé yìí mu kí ìrọbí lè yá. Wọ́n gbé ewé náà lọ sí láàbù, wọ́n rí èròjà kan nínú ẹ̀ tó ń mú ilé ọmọ súnkì lóòótọ́. Ó di 1995 kí wọ́n tó mọ bí èròjà yẹn ṣe rí, orí ẹ̀ ló so mọ́ ìdí ẹ̀ bí òrùka, ìdí nìyẹn tí sísè ò fi bà á jẹ́. Ẹ rí i, àwọn ìyá tó ń se é ní Congo kì í ṣe òpè o, ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe náà ló ń ṣe.

Ìbẹ́pẹ náà ńkọ́, tí wọ́n máa ń ní kí aláboyún má jẹ? Wọ́n yẹ ìyẹn wò ní Singapore, 2002 ni wọ́n gbé e jáde. Wọ́n fún eku tó lóyún ní èyí tó ti pọ́n, nǹkan kan ò ṣe é, ṣùgbọ́n oje funfun tó wà lára èyí tí ò tíì pọ́n, nígbà tí wọ́n kán an sí ilé ọmọ eku, ṣe ló súnkì bí ìgbà tí wọ́n fún un ní oxytocin, oògùn tí wọ́n ń fi sínú omi fún aláboyún ní ọsibítù kí ìrọbí lè mú. Èyí tó tiẹ̀ wá yà mí lẹ́nu jù ni àbámọdá, tó wà lẹ́yìnkùlé gbogbo èèyàn níbí. Láti bí ọdún 1970 làwọn dókítà kan ní Jámánì ti ń lò ó, ó dé Switzerland náà, fún obìnrin tí ìrọbí fẹ́ mú kí oṣù tó pé, torí ó ń mú ilé ọmọ dẹ̀ ni. Wọ́n dán an wò ní Zurich lára ẹran ilé ọmọ èèyàn, ó dẹ̀ lóòótọ́. Tóò, ewé kan ń mú un súnkì, òmíràn ń mú un dẹ̀, àwa sì máa ń kó oríṣiríṣi sínú ìkòkò kan ṣoṣo, kọ́ọ̀pù tó bá wà nílé la fi ń wọ̀n ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan mi nìyí. Ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi rọbí, a gbé e lọ sí ọsibítù kan nígboro, n ò ní dárúkọ wọn. Ìyá ẹ̀ ti gbé abíwẹ́rẹ́ wá láti Ìsẹ́yìn, ó mu kọ́ọ̀pù kan láàárọ̀ kí a tó jáde, ojú mi ló ṣe. Nígbà tí a débẹ̀ wọ́n ní ìrọbí ẹ̀ ń lọ́ra, wọ́n fa omi tó ní oxytocin yẹn sí i lára. Kò pẹ́ tí ìrora fi ń gun ara wọn. Nọ́ọ̀sì kékeré kan fi àtẹ́lẹwọ́ lé e níkùn, ó ń wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó ń kà á, kò sì sọ̀rọ̀. Ikùn yẹn le gbagidi, kí ó tó dẹ̀ díẹ̀ ó tún ti le. Tó bá ti ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ láàárín ìṣẹ́jú 10, ó ti pọ̀ jù nìyẹn, torí ìgbà tí ilé ọmọ bá dẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ráyè dé ọ̀dọ̀ ọmọ dáadáa, tí kò bá sinmi ọkàn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ilé ọmọ pàápàá lè ya.

Nọ́ọ̀sì yẹn bi í pé, "Mọ̀mí, kí lẹ lò wá láti ilé?" Ìyàwó wa ní òun ò lo nǹkan kan. Ó wá fà mí láṣọ, ó rọra ní, "Adúmáradán, ẹ má sọ o." Mo sọ ọ́. Mo ní abíwẹ́rẹ́ ni, kọ́ọ̀pù kan ni, àárọ̀ yìí ni. Kíá ló ti omi yẹn pa, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó pariwo pe dókítà. Ọkàn ọmọ tó yẹ kó máa lù láàárín 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan ti lọ sílẹ̀ sí 90. Ó padà gòkè ṣá, díẹ̀díẹ̀. A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ, obìnrin ló bí.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí títí di òní ni nọ́ọ̀sì àgbà tó wọlé lẹ́yìn náà, tó ń pariwo pé "ẹ̀yin lẹ máa ń fọwọ́ ara yín pa ara yín", gbogbo wọ́ọ̀dù ló gbọ́. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ìgò àgbo wà nínú báàgì ẹ̀, mo rí i, ṣe ló fi ìró bò ó mọ́lẹ̀. Ta ló máa sọ òótọ́ lẹ́yìn ìyẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn náà fi ìwé tó fi bi àwọn aláboyún ní kíliníìkì hàn mí, ṣé ẹ lo àgbo, rárá, rárá, rárá. Àwa tá a wà ní Bódè là ń rí wọn tí wọ́n ń ti antenatal bọ̀ wá rà á, káàdì ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìwádìí wo ló fẹ́ dúró lórí irọ́? Wọ́n á kàn ní àwọn obìnrin Ìbàdàn kì í mu àgbo mọ́, ewé tó léwu á ṣì máa léwu, èyí tó dáa kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè sọ ọ́ di oògùn gidi.

Màámi bá mi jà díẹ̀ o, wọ́n ní "ṣé kì í ṣe òun náà ni mo mu bí ẹ?" Mo ní òun ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò fa omi sí yín lára lọ́jọ́ náà. Wọ́n dákẹ́. Ní báyìí tí aláboyún bá wá rà á, wọ́n á bi í pé oṣù mélòó, níbo lo fẹ́ bí i sí, tó bá pe orúkọ ọsibítù wọ́n á ní, "lọ bi wọ́n lọ́hùn-ún kó o tó fi kan ẹnu." Àwọn kan ń bínú lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ antenatal lọ́wọ́ báyìí, ní Adéọ̀yọ́ ni o, ní UCH ni o, tàbí ti àdáni, ṣé wọ́n bi yín ní ohun tí ẹ ń mu nílé, ohùn wo sì ni wọ́n fi bi yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí gan-an fún wa.