Ewéko wo ló lè fi ẹja pamọ́ fún ẹyẹ láì gba gbogbo ojú omi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùsìn ẹja. Adágún oníyẹ̀pẹ̀ ni tèmi, lẹ́bàá Ìkirè. Ẹpìyà ló wà nínú rẹ̀, omi ibẹ̀ ò ju ìbàdí lọ. Àwọn ẹyẹ apẹja ò jẹ́ kí ọmọ ẹja dàgbà: ilẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ́, wọ́n á ti tò sétí omi.

Mo ta àwọ̀n bò ó, atẹ́gùn fà á ya. Mo da òjúoró sí i. Ó kọ́kọ́ dáa, àwọn ọmọ ẹja ń sá sábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ tó rí jáúyajàùya bí irùngbọ̀n. Kò pẹ́ tó fi bo gbogbo ojú omi, ni ẹja bá ń yọ ẹnu sókè láàárọ̀, wọ́n ń wá èémí. Mo kó o dànù. Èyí tó ṣẹ́kù sí kọ̀rọ̀ tún ti ń bí sí i. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ewéko tó gba ojú ọ̀sà l'Ékòó fún mi, ti òjúoró yìí tó mi.)

Òṣíbàtà ló wá wù mí báyìí, torí inú ẹrẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò sí, kì í léfòó kiri. Àmọ́ ẹpìyà ń jẹ ewé, ó sì máa ń gbẹ́ ilẹ̀ tó bá fẹ́ yé ẹyin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìn ín rí, ṣé inú ìkòkò ni kí n gbìn ín sí àbí inú ẹrẹ̀ tààrà? Báwo ni kí ewé rẹ̀ ṣe pọ̀ tó lójú omi?