Omi ń dúró sínú rọ́bà ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, kí la lè ṣe sí i?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹ bá wa dá sí i. Irú tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀yìn etí ni, bátìrì onínọ́ńbà 13 ló ń lò. Láàárín wákàtí 3, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á sì dákẹ́ pátápátá. Téèyàn bá gbé rọ́bà rẹ̀, ìyẹn èyí tó so ẹ̀rọ mọ́ ike inú etí, sí ìmọ́lẹ̀, á rí ẹ̀kán omi kan tó dúró gbagidi níbi tó ti tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́.

Bátìrì kọ́ o. Tuntun ni, a sì jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn tá a ṣí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Lálaalẹ́ la ń yọ ọ́, tá a ń fi ẹ̀rọ náà sínú agolo tó ní hóró afàmi. Ike inú etí nìkan la ń yọ fọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀, kò sí spírítì.

Rọ́bà náà ti le, ó sì ti pọ́n. Ṣé ká kàn pààrọ̀ rẹ̀ ni, àbí ká béèrè fún èyí tí ara rẹ̀ nípọn? Ṣé fífi rọ́bà afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ fẹ́ omi náà jáde lójoojúmọ́ ò ní tú ike inú etí náà kúrò lára rọ́bà rẹ̀?

Ẹ má dábàá ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, ooru rẹ̀ á ba inú ẹ̀rọ jẹ́.