Oyún oṣù méje, ilé ìgbẹ́ ti ń bà mí lẹ́rù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Oníléèsì Balógun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ ìdí ni mo gbé wá. Mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún lójúkojú.

Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 29. Ìkejì rèé. Bàrígà ni mò ń gbé, léèsì ni mò ń tà ní Balógun. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 5 báyìí tí ìgbẹ́ ti di ìjà fún mi. Mo lè má yàgbẹ́ fún ọjọ́ 4, nígbà míì ọjọ́ 5. Tó bá wá fẹ́ jáde, kóro-kóro bí òkúta ni, á sì dà bíi pé wọ́n ń fi àfọ́kù ìgò fa ẹnu ìdí mi ya. Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, mo di ẹnu omi ẹ̀rọ inú báluwẹ̀ mú, mò ń sunkún. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 4, dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń kàn án, ó ní, "Mọ́mì, ta ló nà yín?" Mi ò mọ ohun tí mo lè dá a lóhùn. Nígbà tí mo dìde, ẹ̀jẹ̀ pupa wà lára bébà tí mo fi nu ìdí. Oró yẹn bá mi wọ danfo, ó bá mi dé Ọbáléndé. Ẹ̀bá ìdí kan ni mo fi jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ mi ṣe ń rí, bóyá ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo ń jáde nílé, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Third Mainland tó le. Láàárín aago 7 sí 8, tí mo bá ń tú ọjà sílẹ̀, ni ìgbẹ́ máa ń gbọ̀n mí. Ilé ìgbẹ́ tó wà nítòsí wa, owó la fi ń wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́, àwọn èèyàn á sì tò síta, wọ́n á máa ní kéèyàn yára. Mo máa ń mú un mọ́ra ni. Tí mo bá fi máa padà délé lálẹ́, kò ní gbọ̀n mí mọ́. Omi náà, mi ò kì í mu púpọ̀ lọ́jà, kí ìtọ̀ má baà gbé mi lọ síbẹ̀.

Oṣù tó kọjá, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara mi, jẹ́ 27. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Àtìgbà náà ni ìgbẹ́ mi ti dúdú, tó sì tún le sí i. Kí n má purọ́ fún yín, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò ti lò ó mọ́. Oúnjẹ gan-an mo ti ń sá fún, torí gbogbo òkèlè tí mo bá gbé mì, ọ̀nà tó máa gbà jáde ni mò ń rò.

Ìyá ọkọ mi gbọ́, wọ́n sì gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá fún mi láti Mushin, ìgò ńlá kan. Wọ́n ní ohun dídùn ló fà á. Àgbo náà ń rùn bí ọtí. Wọ́n fẹ́ràn mi dénú, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo da oore wọn nù. Ṣé kí n mu ún? Ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ni lóòótọ́? Bí mo ṣe ń tì í tagbára-tagbára yẹn, ṣé kò ní ṣe ọmọ inú mi ní nǹkan? Ní klíníìkì, gbogbo wa la jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bi wá léèrè ọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí láti la ẹnu.

Ọmọ Mushin

Àǹtí mi, ẹ mu àgbo yẹn o. Ọmọ 6 ni ìyá mi bí, gbogbo oyún ni wọ́n fi mu ún. Ìyá ọkọ yín ò lè fún yín ní ohun tó máa pa yín lára. Ife kékeré láàárọ̀ péré, ẹ máa rí i bó ṣe máa gbá gbogbo rẹ̀ jáde.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí, Ṣómólú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún. Ẹ gbé ìgò náà síbi tí ọwọ́ ọmọ yín ò ti ní tó o.

Mi ò bú ìyá ọkọ yín, mi ò sì bú ìyá Ọmọ Mushin. Àmọ́ àgbo tó bá ń rùn bí ọtí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ọtí ò sì yẹ ọmọ inú rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó mọ egbò tó wà níbẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó. Àgbo tó ń gbá inú jáde lè mú kí ẹ ṣunú títí omi ara yín á fi gbẹ, ó sì lè mú kí ilé ọmọ máa fún pọ̀ láìtíì tó àsìkò. Ohun kan náà ni mò ń sọ nípa epo láárà. Tẹ́nì kan bá gbé e wá, ẹ dúpẹ́, ẹ má mu ún.

Ohun dídùn kọ́ ló fa èyí. Tí obìnrin bá lóyún, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní progesterone máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí iṣan ilé ọmọ rọ̀, kó má baà lé ọmọ jáde kí ọjọ́ tó pé. Ṣùgbọ́n iṣan ìfun náà á bá a rọ̀. Ìgbẹ́ á wá máa rìn bí ọkọ̀ tó há lórí Third Mainland, bó sì ṣe ń pẹ́ nínú ìfun ńlá ni ìfun ń fa omi rẹ̀ gbẹ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ á tún mú un le, òun ló sì sọ ọ́ di dúdú. Dúdú ti oògùn ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe àìsàn. Ẹ wá wò ó pé ẹ kì í mu omi, ẹ sì ń mú ìgbẹ́ mọ́ra lójoojúmọ́. Kí ló máa ku omi nínú rẹ̀?

Oró bí àfọ́kù ìgò tó ń bá èèyàn wọ mọ́tò, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ pupa díẹ̀ lára bébà, ó jọ pé ẹnu ìdí yín ló ya. Jẹ̀díjẹ̀dí sábà máa ń yọ kókó, ó máa ń yún, ó lè sẹ̀jẹ̀ láìsí oró púpọ̀. Àwọn méjèèjì sì lè wà pa pọ̀. Orí fóònù ni mo wà, ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ wò ó ló lè sọ. Tẹ́ ẹ bá dé klíníìkì, ẹ kàn sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Mo fẹ́ rí yín ní kọ̀rọ̀." Kò gbọdọ̀ bi yín ìdí rẹ̀ lójú èèyàn. Tiwa ni ọ̀rọ̀ ìdí, ojoojúmọ́ la ń gbọ́ ọ.

Ti ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Títi ìgbẹ́ kì í ti ọmọ jáde. Ìdí yín ló ń pa lára, torí náà ẹ jáwọ́ níbẹ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ló ká mi lára jù nínú ohun tẹ́ ẹ kọ. PCV 27 kéré, ìbímọ sì ń bọ̀ lọ́nà, ẹ̀jẹ̀ á sì dànù lọ́jọ́ náà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún wọn pé ó ń mú inú yín le. Wọ́n lè pààrọ̀ irú rẹ̀, wọ́n lè dín in kù, wọ́n lè ní kí ẹ máa fo ọjọ́ kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbà pé aboyún tí oògùn ojoojúmọ́ ń dà láàmú lè máa lo 120 mg èròjà iron lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ dípò 30 sí 60 mg lójúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, níbi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ ò ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn aboyún, nìyẹn wà fún. Tiyín ò tó, dókítà ni kó bá yín yàn.

Nílé, ohun tí mo máa ń ní kí àwọn aboyún mi ṣe nìyí. Ẹ jí ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú ìgbà tẹ́ ẹ ń jí. Ẹ mu ife omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kan, kẹ́ ẹ jẹ nǹkan díẹ̀. Tí oúnjẹ bá ti bọ́ sínú, ìfun náà á jí, òun ni kó jẹ́ kó gbọ̀n yín nílé dípò ọjà. Ẹ wá àpótí kékeré, irú èyí tá a fi ń jókòó dáná, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e níwájú àwo ìgbẹ́ kí orúnkún yín ga ju ìbàdí lọ, kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bá a ṣe ń lóṣòó ní ṣáláńgá láyé àtijọ́ nìyẹn, ọ̀nà á là gbọọrọ. Tí kò bá jáde láàárín ìṣẹ́jú 10, ẹ dìde, ẹ má gbin.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, omi ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án, bébà ń ha ọgbẹ́. Ẹ bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú bàsíà tó mọ́, kẹ́ ẹ fi ìgúnpá tọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ jókòó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ má da Dettol sí i. Omi lásán.

Oògùn olómi kan wà tó ń jẹ́ lactulose, ó dùn bí oyin. Inú ìfun ló ń jókòó sí, á máa fa omi sínú ìgbẹ́ kó lè rọ̀. Aboyún lè lò ó. Ó lè tó ọjọ́ 2 kó tó ṣiṣẹ́, inú sì lè máa kùn. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà, ẹ má lọ máa ra ìpara tàbí oògùn àtibọ̀dí kiri ilé kẹ́mísìtì.

Ṣùgbọ́n tí inú bá ń run yín tí kò dáwọ́ dúró, tí inú bá ń fún pọ̀ tó sì ń tú, tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lójú ara, tẹ́ ẹ bá ń bì tí ìgbẹ́ kò jáde tí afẹ́fẹ́ náà ò jáde, tí ara yín bá gbóná, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nídìí ju ti ara bébà lọ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Òru ni o, ọ̀sán ni o.

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ìbéèrè ọmọ rẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn pa mí lẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì ti sọ tiwọn, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn, torí èmi náà ti di ìyá ọkọ báyìí. Má bá wọn jiyàn. Má sì dà á nù kó o purọ́ pé o ti mu ún, wọ́n á gbé òmíràn wá. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sìn ọ́ lọ sí klíníìkì. Jẹ́ kí wọ́n jókòó nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń sọ̀rọ̀. Ohun tó bá ti ẹnu nọ́ọ̀sì jáde, kò sẹ́ni tó máa pè é ní àfojúdi ìyàwó. Lẹ́yìn náà, fún wọn níṣẹ́ míì. Sọ pé, "Màmá, ewédú tiyín ló ń wù mí jẹ." Ìyá tó gbé ìgò láti Mushin dé Bàrígà, ohun tó ń wá ni bó ṣe máa tọ́jú rẹ.

Kí wọ́n má fi káún sí ewédú náà, ìjábẹ̀ á yọ́ ọ dáadáa. Ilá náà dára, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ dára, ìrẹsì ọ̀fadà sàn ju ìrẹsì funfun lọ. Ẹ̀wà àgányìn ò burú rárá, búrẹ́dì funfun tá a fi ń jẹ ẹ́ ni kò ní eèrí ọkà kankan nínú, dín in kù. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa ló gbà mí lọ́wọ́ oyún ìbejì, Òyìngbò ni mo ti ń rà á, mo sì ń jẹ ègé kan lálaalẹ́. Má jẹ èyí tí kò tíì pọ́n o. Ọsàn, jẹ ẹ́ pẹ̀lú háhá funfun inú rẹ̀, má kàn fa omi rẹ̀ lásán. Ó tún ń ran oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Tíì ni kó o má fi gbé oògùn náà mì.

Jọ̀ọ́, ṣé o kì í jẹ ẹfun, èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní nzu? Mo jẹ ẹ́ nígbà oyún àkọ́bí mi, ó dí inú mi pa bámúbámú. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí òjé nínú rẹ̀. Tó bá wà nínú báàgì rẹ, yọ ọ́ kúrò.

Ti ilé ìgbẹ́ ọjà, wá oníléèsì ẹgbẹ́ rẹ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nínú plásà, kó jẹ́ kó o máa lo tiwọn. Obìnrin wo ló máa rí ikùn yẹn tó máa kọ̀?

Ọmọ Mushin

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ọtí yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá. Àǹtí, ẹ má binú, ẹ má mu ún mọ́.

Oníléèsì Balógun

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣé é o. Ọjọ́ 12 ti kọjá, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mo sọ ọ́. "Mo fẹ́ rí yín ní kọ̀rọ̀," bí mo ṣe wí nìyẹn, nọ́ọ̀sì sì mú mi wọ yàrá, ó fa kọ́tìnnì. Dókítà obìnrin ló yẹ̀ mí wò. Ẹnu ìdí ló ya lóòótọ́, kò sí kókó kankan. Wọ́n kọ lactulose fún mi, wọ́n pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ni kí n máa lò ó. Wọ́n á tún yẹ PCV wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, inú mi ń kùn nínú danfo débi pé ẹni tó jókòó tì mí ń wò mí. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé ẹsẹ̀ lé àpótí ìdáná, mo tẹ̀ síwájú bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ó jáde. Ó ṣì ta mí, àmọ́ kò sí òkúta níbẹ̀. Mo jókòó sínú bàsíà, ọmọ mi wọlé, ó bá mi fọwọ́ ta omi ṣeré. Láti ìgbà náà, ọjọ́ méjì-méjì ni mò ń lọ, bébà ò sì rí ẹ̀jẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé. Aládùúgbò mi nínú plásà ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbẹ́ wọn, ó so rìbọ́nù pupa mọ́ ọn kí n má baà sọ ọ́ nù. Ìgò omi lítà kan àtààbọ̀ ni mò ń gbé dání báyìí, mo sì ń rí i pé ó tán kí n tó kó ọjà.

Ẹfun wà nínú báàgì mi lóòótọ́, Ìyá Ìbejì. Mo ti kó o jù sílẹ̀.

Màmá sìn mí lọ sí klíníìkì. Wọn ò fọhùn títí a fi dé ibùdókọ̀, ìgbà náà ni wọ́n tó bi mí pé, "Wọ́n ní ọtí ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ewédú wá nínú kúlà kékeré, kò sí káún níbẹ̀. Ìgò àgbo ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní àwọn á wá gbé e fúnra wọn lọ́jọ́ Sátidé.