Orí lọmọ mi ń jù, ojú rẹ̀ kì í yí sẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin. Tí mo bá pè é láti ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ kì í yí wá. Á kọ́kọ́ ṣẹ́jú, á wá ju orí fìrì, orí á kọjá ibi tí mo wà, kó tó dá a padà. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ife sókè tàbí sísàlẹ̀, ojú rẹ̀ á bá a lọ wẹ́rẹ́, orí ò ní mì.

Nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mẹ́ta, a rò pé kò ríran ni. Ó pẹ́ kó tó rìn, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Dókítà ojú ní ocular motor apraxia ni, ìyẹn kí ojú má lè tètè fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà téèyàn bá fẹ́, pé á máa dínkù bó ṣe ń dàgbà, ṣùgbọ́n ká ya MRI, fọ́tò inú ọpọlọ. Bàbá ẹ̀ ní tó bá máa lọ fúnra ẹ̀, kí la fẹ́ fi fọ́tò olówó gọbọi ṣe? Tíṣà ẹ̀ ní ọmọ náà ń yájú, pé kì í wojú àgbà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n nà án. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká yà á àbí ká dúró?

Alhaja Aláṣọ: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Omi ìgbín ni ìyá wa máa ń kán sójú ọmọ láyé àtijọ́. Ẹ gbìyànjú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ojú: Alhaja, mo tọrọ gáfárà, kí wọ́n má kán nǹkan kan sí i lójú o. Ojú gan-an ò ní àbùkù. Iṣan mẹ́fà tó ń fa ẹyinjú kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ digbí. Ọpọlọ ni kì í ránṣẹ́ "ó yá, fò sọ́tùn-ún" sí wọn lásìkò.

Ẹ yí orí yín sọ́tùn-ún báyìí kí ẹ tẹjú mọ́ fóònù yín: ẹyinjú á sún sósì, kí ohun tí ẹ̀ ń wò má baà sá. Àwa lè tètè fà á padà. Ti ọmọ yìí á há sósì níbẹ̀. Ló ṣe ń yí orí kọjá nǹkan náà, títí ojú tó há á fi bọ́ sórí ẹ̀. Ọgbọ́n tó dá fún ara ẹ̀ ni, kì í ṣe ìyájú. Dókítà ojú ará Amẹ́ríkà kan, David Cogan, ti kọ̀wé nípa ẹ̀ lọ́dún 1952.

Ní ti fọ́tò, ẹ yà á. Òótọ́ ni pé orí jíjù máa ń dínkù, ṣùgbọ́n ọmọ tó pẹ́ rìn tó tún pẹ́ sọ̀rọ̀, ó yẹ ká wo ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí, bóyá ó pé. Àìsàn bíi Joubert, èyí tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, tí ọpọlọ kékeré yẹn kì í pé, lè wà nídìí ẹ̀, ìyẹn sì lè máa ba kíndìnrín jẹ́ láìpariwo. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní, ẹ lè rọra tu owó jọ. Ẹ béèrè bóyá owó oògùn oorun wà nínú ẹ̀, torí ọmọ ọdún mẹ́rin ò lè dúró jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ yẹn.

Adé Mẹkáníìkì: Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì. Bàbá mi náà, láti àná, ojú ẹ̀ kan ò yí mọ́, ó ń rí nǹkan ní méjì-méjì. Ṣé á lọ fúnra ẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Ojú: Rárá o! Tàgbàlagbà tó dé lójijì lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí, ẹ má dúró kọ èsì.

Màmá Tóbi: Ìyá Àdùkẹ́, tèmi ti pé mọ́kànlá. Orí jíjù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣíṣẹ́jú ló kù. Ìwé kíkà ló fún un lágara jù: tó bá ka ìlà kan tán, kì í rí ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Mo gé páálí bisikíìtì, mo dá ihò gbọọrọ sí i, ìlà kan péré ló ń yọ. Ní kíláàsì, kí wọ́n gbé ọmọ yín jókòó síwájú láàárín, kó kọjú sí pátákó. Ẹ má jẹ́ kó dá títì kọjá, ọ̀kadà á ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kó tó rí i. Ẹ mú ìwé dókítà lọ bá hẹdímisìrẹ́ẹ̀sì, kì í ṣe tíṣà nìkan.

Ìyá Àdùkẹ́: Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ka ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì sétí bàbá ẹ̀, òun náà yí orí títí, ló bá dákẹ́. Ó ní òun lòun máa kó àjọ lóṣù tó ń bọ̀. Lọ́la, èmi àti ìwé dókítà dilé ìwé.