Ẹ bá mi wá géèmù tí kò ní dáìsì, nítorí pálọ̀ Àáfà

Ọmọ Tánkè: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èèyàn mẹ́fà ni wá, alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ la máa ń pàdé ní pálọ̀ bàbá onílé wa ní Tánkè, n'Ílọrin, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Lúdò la fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni bàbá yọjú, Àáfà ni wọ́n. Dáìsì ń ró gbàgà lórí gíláàsì lúdò. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ẹ máa ṣeré yín, ṣùgbọ́n nǹkan tí ẹ ń gbọ̀n nínú ife yẹn, kò gbọdọ̀ wọ ilé mi mọ́." Mi ò bá wọn jiyàn. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, wọ́n tún ń tan jẹnẹrétọ̀ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, géèmù wo ló ń fẹ́ làákàyè, tí kò ní dáìsì, tó sì lè parí láàárín wákàtí méjì?

Ọ̀ta Gbogbo Ọ̀ta: Ayò ńkọ́? Ojú ilé méjìlá, ọmọ méjìdínláàádọ́ta. Bí òpè bá lù ọ́, o ò rí dáìsì tí wàá di ẹ̀bi rù.

Ọmọ Tánkè: Ẹ̀gbọ́n, èèyàn méjì ló ń ta ayò. Ṣé kí n ra ọpọ́n mẹ́ta ni?

Ọ̀ta Gbogbo Ọ̀ta: Mẹ́rin yòókù á máa wòran. Òǹwòran ló mọ ayò ta jù.

Kọ́kì Dúdú: Dráàfù ni o. Ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì wa ní Gáà Akanbí, páálí la fi ya ojú mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́wàá ní òró. Kọ́kì mínírà ni ọmọ, ogún ogún. Bí ọmọ bá ti tó jẹ, dandan ni kí o jẹ ẹ́, ibẹ̀ la ti ń dẹ pańpẹ́ fún èèyàn. Ṣùgbọ́n òun náà, ẹni méjì ni.

Ìyá Ìbejì Sàngó: Ẹ gbìyànjú Carcassonne. Jámánì ló ti wá, ọdún 2000 ló jáde. Páálí 72 ni, ẹ ó máa fà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa so ọ̀nà mọ́ ọ̀nà, odi mọ́ odi. Ọmọ onígi méje péré ni olúkúlùkù ní láti fi gba ilẹ̀. Èyí tó o bá fi sínú ìlú á padà wá bá ọ tí odi bá pé, ṣùgbọ́n èyí tó o bá tẹ́ sóko, kò ní dìde mọ́ títí eré á fi parí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọkọ mi kó mẹ́rin dà sóko kíákíá, inú ẹ̀ ń dùn. Nígbà tó yá, ìlú ń là níwájú ẹ̀, kò rẹ́ni rán. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Èèyàn márùn-ún ló gbà ṣá. Kí ẹnì kẹfà máa bá yín dín mààsà.

Ará Ọ̀fà: Àwa tí a dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè, Ticket to Ride la mọ̀. Òun náà ò ju èèyàn márùn-ún lọ. Olúkúlùkù á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ 45, ẹ ó máa fi káàdì aláwọ̀ gba ojú irin láti ìlú dé ìlú. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀nà kúkúrú tàn yín o: ọkọ̀ kan, máàkì kan, ọkọ̀ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, máàkì 15. Bí o bá sì ti mọ ibi tí ẹnìkejì ń lọ, dínà mọ́ ọn. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Àléébù ibẹ̀ ni pé tí NEPA bá mú iná, tó wá ku tọ́ọ̀ṣì fóònù, káàdì pupa àti ti ọsàn á dà bí ọ̀kan náà.

Tíṣà Ìṣirò: Catan gan-an, géèmù tí nọ́ńbà dáìsì méjì ń darí, la lè yọ dáìsì kúrò níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Klaus Teuber ló ṣe é ní 1995, àfikún sì wà tó ń mú un gba èèyàn mẹ́fà. Gé ìwé 36: kọ 7 sórí mẹ́fà, 6 àti 8, márùn-ún márùn-ún, 5 àti 9, mẹ́rin mẹ́rin, 4 àti 10, mẹ́ta mẹ́ta, 3 àti 11, méjì méjì, 2 àti 12, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Pò ó pọ̀, máa ṣí i. Bí dáìsì méjì ṣe ń já gan-an nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Sàngó: Tíṣà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bi Àáfà léèrè. Kó má lọ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé onílé.

Ọmọ Tánkè: Ẹ kú àná o. Mo bi wọ́n. Wọ́n ka ìwé Tíṣà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wojú mi: "Dáìsì náà lẹ lọ̀, tẹ́ ẹ fi kọ̀wé." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Carcassonne Ìyá Ìbejì la yá (ẹ ṣé o mà, páálí kan ò sọnù). Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, bàbá jáde wá mu omi, wọ́n dúró lẹ́yìn mi pẹ́. Mo kàn rí i tí ìka wọn bọ́ sórí tábìlì: "Odi yìí ńkọ́, kí ló dé tó o fi la ẹnu ẹ̀ sílẹ̀?" Wọ́n ní àwọn máa jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A ti di méje báyìí. Ẹ tún gbà mí nímọ̀ràn.

Ọ̀ta Gbogbo Ọ̀ta: Mo ní ayò.