Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: domain controller Àbújá àti ti Kánò kò bára wọn mu mọ́

AyọGarki
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ kan ní Garki níbí. Domain controller mẹ́rin (server Windows tó ń tọ́jú orúkọ àti password òṣìṣẹ́, tó sì ń pinnu ẹni tó lè wọlé) ló ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa: méjì l'Àbújá, ọ̀kan ní Kàdúná, ọ̀kan ní Kánò. Bí mo bá yí password òṣìṣẹ́ padà níbí, Kàdúná á gbà á, ṣùgbọ́n Kánò á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹni tí a ti dí àkáǹtì rẹ̀ pa ṣì ń wọlé ní Kánò bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá pátápátá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú burúkú wò mí.

Irinṣẹ́ wo lẹ lè júwe fún mi, tí mo lè fi mú wọn ṣọ̀kan láti Command Prompt? Kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà o, owó ò sí. Ó tún ku ọ̀kan ní Jos tó ti wà ní pípa látìgbà tí inverter ibẹ̀ ti bàjẹ́. Mo fẹ́ tàn án padà.

Ẹ̀gbọ́n_Wuse
repadmin ni. Ó ti wà lórí àwọn domain controller yín, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ẹ ṣí Command Prompt bí administrator, ẹ tẹ:

`repadmin /syncall /AdeP`

Ó parí.

Àbẹ̀kẹ́_SabonGari
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò tíì parí o. Èmi náà ń lo /syncall, àmọ́ bí a bá ní kó lọ tipátipá láì wo ohun tó dí i lọ́nà, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ là ń pa làpálàpá.

Àbúrò, ẹ wo ọ̀rọ̀ password yẹn dáadáa. Bí Kánò kò bá dá password kan mọ̀, kì í kàn lé onítọ̀hún padà. Ó máa kọ́kọ́ bi domain controller tó di ipò PDC emulator mú (èyí tí àwọn yòókù ń sáré sọ password tuntun fún) bóyá ìyẹn ní tuntun lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé replication (bí àwọn server ṣe ń fi àyípadà ránṣẹ́ sí ara wọn) nìkan ló ń fà, password tuntun ì bá ṣiṣẹ́ ní Kánò. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ ara wọn rárá nìyẹn. Ẹ tẹ `netdom query fsmo` kẹ́ ẹ rí èyí tó jẹ́ PDC, lẹ́yìn náà ẹ tẹ `repadmin /replsummary`, kẹ́ ẹ lẹ ohun tó bá kọ sí ìlà Kánò síbí. Nọ́ńbà tó wà nínú àkámọ́ ni mo fẹ́ rí. Bó bá jẹ́ 1722, ẹ wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti firewall. Bó bá jẹ́ 8524, DNS (ohun tí server fi ń wá orúkọ ara wọn rí) ni.

Ẹ̀gbọ́n_Wuse
Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wá fẹ́ lo /syncall nígbẹ̀yìn, ẹ ṣọ́ lẹ́tà ńlá àti kékeré. P ńlá ló ń ti àyípadà jáde láti ọ̀dọ̀ server tí ẹ wà. Láìsí i, fífà ló máa ń fà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nǹkan kan ò sì ní kúrò l'Àbújá lọ sí Kánò. p kékeré kàn ń dúró kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ni. A ńlá ń kó gbogbo partition (àwọn ìpín àkọsílẹ̀ tó wà lórí domain controller), a kékeré ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró bí server kan ò bá sí nílé. Ẹni tó ṣètò irú èyí, Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń rò.

AyọGarki
Ẹ ṣeun, Àǹtí mi. PDC wà níbí, ABJ-DC01. Ohun tó kọ nìyí:

`KAN-DC01   06d.03h:41m:09s   5 / 5   100   (1398) There is a time and/or date difference between the client and server.`

Àbẹ̀kẹ́_SabonGari
Háà. Aago ni! Kerberos tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀ kì í gbà kí aago méjì fi ju ìṣẹ́jú 5 yàtọ̀ síra. Gbogbo partition márààrún ló sì kọ̀ yẹn. Bí ẹ bá tẹ /syncall di alẹ́, bákan náà ló máa rí. Ẹ wọ server Kánò, ẹ tẹ `w32tm /query /source`.

AyọGarki
"VM IC Time Synchronization Provider" ló kọ. Aago rẹ̀ fi bí ìṣẹ́jú 19 wà lẹ́yìn tibí.

Àbẹ̀kẹ́_SabonGari
Hyper-V ni yẹn, ètò Windows tó ń jẹ́ kí server kan ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ mìíràn. Ara ẹ̀rọ tó gbé e dúró ló ti ń mú aago, kì í ṣe ara Àbújá. Mo fẹ́ ẹ gbà mí gbọ́ pé bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó wà lórí motherboard ẹ̀rọ yẹn ti kú: NEPA á mú iná lọ, ẹ̀rọ á kú, tó bá máa fi jí, aago ti ṣákálá. Ẹ ní kí ẹni tó wà ní Kánò pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ lọ sí Integration Services ti KAN-DC01 nínú Hyper-V Manager, ẹ yọ àmì kúrò nínú Time synchronization. Lórí ABJ-DC01, kó máa gba aago láti ìta:

`w32tm /config /manualpeerlist:"africa.pool.ntp.org,0x8" /syncfromflags:manual /reliable:yes /update`

Lórí Kánò:

`w32tm /config /syncfromflags:domhier /update`
`net stop w32time && net start w32time`
`w32tm /resync /rediscover`

UDP 123, ojú ọ̀nà tí aago ń gbà, gbọ́dọ̀ ṣí lórí firewall o. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá lo àṣẹ Ẹ̀gbọ́n.

Alákọ̀wé_Linux
Ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ yín nítorí àwọn tó ń lo OpenLDAP (èyí tí àwa fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí Linux) bíi tiwa ní Zaria. A ò ní repadmin, àmọ́ ẹ bi server kọ̀ọ̀kan léèrè:

`ldapsearch -x -H ldap://server1 -s base -b "dc=ilese,dc=ng" contextCSN`

Tí èsì méjèèjì (àmì àyípadà tó gbẹ̀yìn) bá jọra, wọ́n wà lójú kan náà. Ọjọ́ àti wákàtí ló ṣáájú nínú rẹ̀, ní UTC, ẹ fi wákàtí 1 kún un kó tó di aago wa. Ọ̀rọ̀ aago kan àwa náà gbọ̀ngbọ̀n, chrony la fi ń tọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n_Wuse
Ayọ̀, ti Jos ńkọ́? Ṣé ó ti tó oṣù mẹ́fà tó ti kú?

AyọGarki
Ó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n_Wuse
Ẹ má tàn án o! Tombstone lifetime (iye ọjọ́ tí server fi ń rántí ohun tí a pa rẹ́) máa ń jẹ́ ọjọ́ 180, tàbí 60 lórí domain àtijọ́. Ohun tí ẹ ti pa rẹ́ l'Àbújá ṣì wà láàyè lórí èyí tó wà ní Jos, àwọn yòókù sì ti gbàgbé pé ẹ pa á rẹ́ rí. Windows á sábà dá a dúró pẹ̀lú error 8614, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò. Ẹ yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò nínú Domain Controllers l'Àbújá, ẹ fọ díìsìkì rẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ tún Windows gbé sí i kẹ́ ẹ tó promote rẹ̀ padà (ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ sọ ọ́ di domain controller).

AyọGarki
Ọlọ́run á bù kún yín. Kánò ti gbà! 0 / 5, kò sí èyí tó kọ̀ mọ́. Àkáǹtì tí a dí pa náà kò wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ó ṣì ń pẹ́ kí nǹkan tó dé ibẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_SabonGari
Láàárín site (bí ọ́fíìsì ìlú kan) sí site, ìṣẹ́jú 180 ló máa ń dúró bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án. Ẹ wọ Active Directory Sites and Services, ẹ dín in kù sí 15 lórí site link Kánò, kò lè dín jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fi `repadmin /showrepl * /csv > C:\replog.csv` sínú Task Scheduler láràárọ̀, kẹ́ ẹ máa ṣí i nínú Excel kí ọ̀gá yín tó dé.