Kí ló dé tí Ọlọ́run fúnra ẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ wá?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, Kérésì ti ń bọ̀, mo sì ń rò ó pé Ọlọ́run tó lè rán áńgẹ́lì, kí ló dé tó fi wá fúnra ẹ̀?

Èsì 1: Àwọn wòlíì ti wá tipẹ́ o, ọwọ́ wa ni ò tó òkè. Ẹ ka Jòhánù 1:14, Ọlọ́run di èèyàn bíi tiwa nínú Jésù, ebi pa á, ó rẹ̀ ẹ́, ó tún sunkún nígbà tí Lásárù kú.

Èsì 2: Ẹ wo ibùjẹ ẹran nínú Lúùkù 2:7 náà! Ẹni tó dá ayé, wọ́n fi ọ̀já wé e, ìyá ló ń gbé e. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn ló sì kọ́kọ́ gbọ́, kì í ṣe Hẹ́rọ́dù ọba.

Èsì 3: Fílípì 2:8 ní ó rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ títí dórí àgbélébùú, torí náà ibùjẹ ẹran yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni.